Ìlà Tó Wà Láàárín Oògùn Zinsu

Zinsu ọkọ mi kì í jẹ́ kí wọ́n bu omi kún ife fún òun. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ fojú hàn mí. Ọkùnrin tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, tó máa ń gbé pákó lé èjìká lọ sétí odò bí ẹni gbé ìrọ̀rí, òun náà ló wá ń sọ fún Deborah ọmọ wa pé kó bu omi òun mọ ní ìdajì ife. Mo kọ́kọ́ rò pé òùngbẹ ni kò gbẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo jókòó tì í, tí mo wò ó dáadáa, ni mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, pé bí ife bá kún, àyà rẹ̀ ló ń mu omi ju ẹnu lọ.

Èmi Ganiyat, mo lẹ́nu, mi ò ní parọ́. Gbogbo ojú títì Aradagun tí mo ti ń ta ike ló mọ̀ pé bí mo bá fẹ́ mọ nǹkan, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní sinmi. Bàbá mi máa ń ní ìbéèrè ni yóò pa mí. Kò tíì pa mí, ọkọ ló fún mi. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí wọ́n rán mi níṣẹ́ sí Gbaji. Mo rí ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ létí odò, mo sì dúró láti bi í pé kí ló dé tí omi kì í fi gba àárín pákó wọlé. Ó dá mi lóhùn láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ó fi bí wọ́n ṣe ń ki òwú sáàárín pákó hàn mí, bí wọ́n ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó fi ọ̀dà gbígbóná dí i pa. Ó ní gbogbo iṣẹ́ yòókù lè jẹ́ tagbára, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n kò lè dí ọkọ̀, omi á wọlé. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mi ò jẹ́ ẹ.

Ilé wa fárígá. Ẹ̀gùn ni Zinsu, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí, ó tún ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn. Èmi sì ni ọmọ Alájì tó ń ta aṣọ nígboro Àgbádárìgì. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi bá mi jà. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà mí lọ́dún náà, kò sẹ́ni tó rántí sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, pé ẹni tó bá fẹ́ ìbejì kan, méjì ló fẹ́.

Ìbejì ni ọkọ mi. Hoho ni àwọn Ẹ̀gùn ń pe ìbejì. Bó bá jẹ́ ọkùnrin méjì, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Zinsu, èkejì ni Sagbo. Inú agbo ilé kan náà ni Sagbo ń gbé pẹ̀lú wa, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Òun àti Zinsu ni wọ́n jọ ń kan ọkọ̀. Ìyàwó tirẹ̀ ń ṣòwò ní Kútọnu, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Wọ́n jọra débi pé ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo wọlé, mo gbé oúnjẹ fún Sagbo, mo tún bínú sí i pé ó pẹ́ kó tó dé. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, kó tó sọ fún mi pé ọkọ mi ṣì wà létí odò. Títí dòní ni wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá tó bí wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ń ṣàkóso agbo ilé náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, eyín rẹ̀ pé. Láti ọjọ́ tó ti bí àwọn ọmọ yìí, kò fún ọ̀kan ní nǹkan rí kó má fún èkejì. Bó bá ra ṣẹ́ẹ̀tì, méjì ni. Bó bá rí ẹja kan, á là á láàárín láti orí dé ìrù. Bí Zinsu bá ṣẹ̀, á na Sagbo mọ́ ọn. Ṣé ẹ rò pé ó dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n dàgbà? Lọ́dún tí mo ra aago ọwọ́ fún Zinsu, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi láti àárọ̀, kò bá mi jà, kò kàn dìde, títí mo fi lọ ra irú rẹ̀ fún Sagbo. Inú bí mi gan-an, mo sì rà á. Àwa Yorùbá náà mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe fún Táyé, ká ṣe é fún Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n mi ò tíì ríbi tí wọ́n ti ń mú un le tó bẹ́ẹ̀. Irú ilé tí àìsàn náà wọ̀ nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ife yẹn ṣẹlẹ̀, Zinsu jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Lẹ́yìn ife, ìwé orin bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìwé orin, ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ nílẹ̀. Ó ní àárẹ̀ ni. Mo ní irú àárẹ̀ wo ló ń mú ẹ̀gbẹ́ kan ara tó ń fi èkejì sílẹ̀? Àwọn àgbà ilé wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní bàbá àwọn ìbejì náà gbọ̀n bẹ́ẹ̀ kó tó pé àádọ́ta ọdún, ó sì gbọ̀n títí ó fi kú. Mo wo Deborah tó ń kàwé lábẹ́ igi àgbọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.

Mo mú ọkọ mi, ó di ọsibítù ńlá kan l'Ékòó. Ibẹ̀ la ti bá Dókítà Ìyanuolúwa pàdé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí kì í kánjú. Ó ní kí Zinsu máa fi àtàǹpàkò gbá ìka ìlábẹ̀, kó rìn dé ara ògiri kó padà, kó kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà Zinsu tó máa ń gbórín tẹ́lẹ̀ ti sún kì bí èèrà. Dókítà ní àìsàn náà kò sí lọ́wọ́, inú ọpọlọ ló wà. Ó ní ibì kan wà níbẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ẹ̀pà lọ, tó ń pèsè ohun tó ń mú kí ìrìn àti ọwọ́ èèyàn lọ geere, pé ohun náà ló ń dín kù lára Zinsu. Oògùn tó kọ fún wa yóò máa dí àlàfo náà. Hóró kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́. Hóró funfun róbótó ni, wọ́n fa ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá.

Èmi máa ń kúrò nílé kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀, ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú ni mo ń padà láti Aradagun. Ìyá Ìbejì ló ń wà nílé, ọmọ rẹ̀ sì ni, torí náà mo kó oògùn lé e lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní òun gbọ́. Bí oṣù bá parí, oògùn á parí pẹ́ẹ́, kò ṣẹ́kù, kò dín. Mo máa ń yìn ín kiri ìsọ̀ pé ẹ wá wo ìyá ọkọ mi, kò kàwé, kò sì fi oògùn tàfàlà rí.

Dókítà yìí tún ń ṣe ìwádìí. Ó ń wá àwọn ìdílé tí irú àìsàn yìí ti ń tètè wá, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń wá sí Àgbádárìgì. Ìgbà tó gbọ́ pé ìbejì ni Zinsu, ó sún àga rẹ̀ mọ́ tiwa. Ó ní ṣé àwọn méjèèjì lè wá fún òun ní ẹ̀jẹ̀. Mo bi í pé, ẹ ní inú ọpọlọ ni àìsàn wà, kí lẹ wá ń wá nínú ẹ̀jẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká fún òun ní ìwé orin tó yọ lẹ́nu àpò Zinsu. Ó ṣí i lé orí tábìlì.

"Ẹ wò ó, ìwé kan náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo akọrin yín," ó wí. "Àkọsílẹ̀ tí ẹ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá yín náà rí bẹ́ẹ̀. Kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, nínú awọ yín, nínú ọpọlọ yín. Ṣùgbọ́n ojú ewé tí ẹ ń ṣí níbi ìsìnkú kọ́ lẹ ń ṣí níbi ìgbéyàwó. Ọpọlọ ní àwọn ojú ewé tirẹ̀. Ohun tí mò ń wá ni ìdí tí ọpọlọ ẹnì kan fi ń kọ orin kan sókè, tí ti ẹlòmíràn ń kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́."

Mo ní ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti ṣi lẹ́tà kọ sínú orin nìyẹn. Ó ní nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́tà tó yàtọ̀ náà kì í sí nínú ọ̀rọ̀ orin rárá. Inú ìkọ̀wé kékeré tó wà lókè orin ló máa ń wà, èyí tó ń sọ fún akọrin pé kó gbóhùn sókè tàbí kó rẹ ohùn sílẹ̀. Orin pé, ohùn ni kò tó. Ó ní kò sí ẹni tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lára rẹ̀, pé púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo ní báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ohùn tó ń lọ nínú orí ẹni tó wà láàyè? Ó ní àwọn kì í gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa la orí ẹni nítorí ìyẹn. Ọpọlọ àwọn tó fínnúfíndọ̀ fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó kú ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ti àwa aláwọ̀ dúdú kò sì pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n tíì mọ̀ wá tó bí wọ́n ṣe mọ àwọn mìíràn. Mo bi í nípa Deborah. Ó ní ó lè jogún lẹ́tà náà, ó lè má jogún rẹ̀. Àti pé gbogbo ẹni tó bá jogún rẹ̀ kọ́ ló ń gbọ̀n. Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò tàn mí.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ń to garawa lẹ́nu ìsọ̀, mo ń wo orí àwọn tó ń nájà, mò ń rò ó pé orin wo ló ń lọ sókè níbí, èwo ló ń lọ sílẹ̀. Oníbàárà kan bi mí pé kí ni mò ń wò lórí òun. Mo ní gèlè ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí àwọn méjèèjì fún un lẹ́jẹ̀, èsì dé. Àkọsílẹ̀ Zinsu àti ti Sagbo dọ́gba, kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀. Lẹ́tà kan tí wọ́n fura pé ọ̀dọ̀ bàbá wọn ló ti wá wà lára àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Sagbo dúró wámú. Ó rìn dé ara ògiri, ó padà, ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Dókítà bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan, ó ní rárá. Mo wà níbẹ̀, etí mi báyìí ló gbọ́ ọ. Inú dókítà dùn débi pé ó dìde lórí àga. Ó ní ìwé kan náà, lẹ́tà kan náà, ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní ohun kan wà tó ń gbé orin náà ró nínú orí Sagbo, pé bí a bá rí ohun náà, bóyá á ran Zinsu lọ́wọ́, bóyá á ran Deborah pàápàá lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni Sagbo ti di ọba. Wọ́n á gbẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á fún un ní bisikíìtì. Ó á sì pín bisikíìtì náà sí méjì fún Zinsu.

Mo kórìíra rẹ̀. Kí n má fi bò. Mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbá òòlù. Mo sọ nínú ọkàn mi lọ́jọ́ kan pé ẹ̀yin tí ẹ ń pín ohun gbogbo, kí ni kò jẹ́ kí ẹ pín èyí? Torí pé àìsàn Zinsu ń burú sí i ni. Ọdún méjì ló ti ń jẹ oògùn, ọwọ́ kò gbọ́. Dókítà ní iye tí òun kọ fún un ti dá àwọn mìíràn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá sọ ọ́ fún wa jẹ́jẹ́ pé àìsàn mìíràn wà tó fara jọ èyí, tó le jù ú lọ, tí kì í gbọ́ oògùn. Bí òun bá fi máa padà wá lóṣù mẹ́ta, tí ọwọ́ Zinsu kò bá tíì gbọ́, òun á gbà pé èyí tó le náà ni, ká sì múra sílẹ̀. Nígbà tí a délé, Zinsu kó ayùn rẹ̀, òòlù rẹ̀ àti irin tó fi ń ti òwú sínú àpò, ó gbé e fún Sagbo pé kó bá òun parí ọkọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó wọlé, ó sì dojú kọ ògiri.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí dókítà dé nígbà tí òjò kan rọ̀ mọ́jú. Omi bo ojú títì, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ, mo ṣẹ́rí padà sílé. Kò tíì ju aago mẹ́jọ lọ. Mo bá Ìyá Ìbejì lẹ́yìn ilé ìdáná, ó jókòó lórí àpótí, ó gbé pákó pẹlẹbẹ kan lé itan. Ó mú hóró oògùn Zinsu, ó gbé e sórí pákó, ó fi ọ̀bẹ ẹja lé ìlà àárín rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dá sí méjì gééré. Ó mú ìdajì kan pẹ̀lú ìdajì ife omi lọ fún Zinsu tó jókòó nítòsí. Ó wá nahùn sí ọ̀nà odò, ó ní, "Sagbo, ovi ṣie, ọmọ mi, wá gba tìrẹ." Sagbo dé, ó nu ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó ju ìdajì kejì sẹ́nu, ó gbé e mì, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sá pamọ́ fún mi nínú wọn. Wọ́n tilẹ̀ kí mi pé òjò yìí mà pọ̀ o.

Mo bi í pé, Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí? Ó wò mí bí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí òun ń mí.

"Ìyàwó, méjì ni mo bí," ó wí. "Ọ̀kan ni dókítà kọ oògùn fún. Ṣé kí n máa fún ọ̀kan, kí èkejì máa wò ó lẹ́nu ni? Ìwọ náà wò ó, àwọn tó ṣe é gan-an mọ̀. Ṣebí wọ́n fa ìlà sí i láàárín ká lè pín in."

Mo pariwo. Mo sọ ohun tí ìyàwó kì í sọ sí ìyá ọkọ, èyí tí mo padà kúnlẹ̀ bẹ̀ fún. Mo yíjú sí Zinsu, mo ní ṣé ìwọ náà mọ̀? Inú ti bí mi débi pé mo gbàgbé "ẹ" tí mo ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ní òun mọ̀, kí ló wà níbẹ̀, ṣebí inú ìyá àwọn ni àwọn ti ń pín nǹkan bọ̀. Mo ké pe Sagbo, mo ní dókítà bi ẹ́ bóyá ò ń lo oògùn, o ní rárá. Sagbo ní òun kò purọ́. Ó ní oògùn Zinsu ni, kì í ṣe toun. Ìpín òun lásán ni òun ń jẹ. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Àárín ẹkún náà ni ìbéèrè mi dé. Bí Zinsu bá ti ń jẹ ìdajì láti ọdún méjì, a jẹ́ pé oògùn kọ́ ni kò ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ó lè má jẹ́ àìsàn burúkú èkejì yẹn. Ara mi fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí Sagbo náà bá ti ń jẹ ìdajì láti ọdún méjì, ọwọ́ tó dúró wámú yẹn, ta ló dá a dúró? Mo nu ojú mi, mo pe dókítà.

Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó ní ká má fọwọ́ ara wa yí nǹkan kan padà, kí Sagbo má ṣe ṣíwọ́ jíjẹ oògùn náà lójijì torí ó léwu, ká kó àwọn méjèèjì wá.

Ní ọsibítù, wọ́n fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì méjì tó kọjú síra wọn. Ìyá Ìbejì bá wa lọ, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún ti Zinsu, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín ti Sagbo kù. Lọ́jọ́ kẹfà, Zinsu dé bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo jáde lọ sunkún ní ìta, mo tún wọlé wá wò ó. Lọ́jọ́ kẹwàá láàárọ̀, Sagbo ń bó ọsàn. A gbọ́ tí ọ̀bẹ ń lu etí àwo, tọ́-tọ́-tọ́. Gbogbo wa wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbé ọsàn sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Zinsu dìde, ó lọ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ náà mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín ohun gbogbo. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Sagbo. Ó pè mí, ó ní, "Ìyá Deborah, ẹ gbé ojú sókè, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é." Kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ti rò.

Dókítà fa ìlà pa ohun tó ti kọ nípa Sagbo, ojú ewé bíi méje. Ó ní òun lòun ṣi ìbéèrè bi. Dípò kóun bi Sagbo bóyá ó ń lo oògùn, ṣe ló yẹ kóun bi í pé kí ni ìyá yín ń fún yín. Ṣùgbọ́n kò bínú, ojú rẹ̀ tún ń dán bí ti ọjọ́ ìwé orin. Ó ní ìbéèrè kò tíì tán, ó kàn yí padà ni. Ohùn Zinsu ló kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ìdajì oògùn kò sì tó o. Ti Sagbo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ni, ìdajì bò ó mọ́lẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan náà, kí ló dé tí ọ̀kan fi ṣáájú? Mo ní ṣé èéfín ọ̀dà ni? Zinsu ló máa ń se ọ̀dà. Mo ní ṣé ibà tó ṣe é ní kékeré ni? Ó ní òun kò mọ̀. Ó fa bírò yọ, ó sì kọ àwọn ìbéèrè mi sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ló kọ ìwé oògùn méjì. Ìyá Ìbejì gbà á, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Odidi hóró fún Zinsu lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ìdajì hóró fún Sagbo lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ó ní kí n tún un kà. Dókítà ṣàlàyé pé ti Sagbo ṣì kéré, pé bí òun bá fún un ní odidi nísinsìnyí, á pa á lára. Ìyá dá ìwé méjèèjì padà sí mi lọ́wọ́. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mi ò ṣe é rí." Omi dà lójú rẹ̀. Kò sunkún nígbà tí a sọ̀rọ̀ àìsàn náà fún un, kò sunkún nígbà tí ọ̀bẹ lu àwo, ìyẹn ló sunkún sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a padà délé, mi ò lọ sí Aradagun. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi, bí òun náà ṣe jókòó síbẹ̀ lọ́dún aago ọjọ́sí. Ìyá gbé pákó rẹ̀ lé itan. Ó gé hóró kan. Ó mú odidi kan, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Zinsu. Ó mú ìdajì, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Sagbo tó jókòó lórí pákó ọkọ̀ ní òdìkejì àgbàlá. Ó yára yíjú kúrò lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ó bu omi ìdajì ife fún Zinsu, bó ṣe ti mọ́ ọn lára.

Zinsu ní kó bu ú kún. Ó wò ó, ó bu ú kún títí omi fi kan etí ife. Zinsu gbé oògùn rẹ̀ jù sẹ́nu láìtíì mu omi, ó gbé ife náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn gba àárín àgbàlá kọjá lọ sọ́dọ̀ Sagbo. Mò ń wo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kán omi kan kò bọ́. Sagbo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ìdajì, ó sì dá ìdajì padà fún un.